Wi-Fi tó ń já tí láptọ́ọ̀pù bá ti gbóná: Ẹ wádìí ibi tí ooru ti ń wá kí ẹ tó ra káàdì tuntun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ti bá ìṣòro yìí pàdé. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀, Wi-Fi mú, iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 30 tàbí wákàtí kan, ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù ti gbóná janjan. Ìkànnì kò ṣí mọ́, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí Zoom ń já, nígbà tó sì yá, àmì Wi-Fi pòórá pátápátá. Bí wọ́n bá pa á, tí wọ́n jẹ́ kó sinmi díẹ̀, á tún padà mú bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Wọ́n á yí síìmù padà, wọ́n á ra MiFi mìíràn. Tí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀, wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù tọ ẹnjiníà lọ pé kó bá àwọn pààrọ̀ káàdì Wi-Fi inú rẹ̀. Owó á lọ, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìṣòro náà á tún fi padà wá. Fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ìdí tí ìṣòro náà fi ń padà wá ni pé káàdì Wi-Fi kì í sábà dá gbóná fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru ẹlòmíràn ló ń pa á lára. Ẹni tó bá mọ ibi tí ooru náà ti ń wá, ó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe láì ná kọ́bọ̀. Tó bá sì di dandan láti náwó, á mọ ohun tó ń náwó lé lórí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo bátìrì

Ooru kan wà tí kò kan Wi-Fi rárá, tó sì léwu ju gbogbo ìyókù lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lè wú. Gáàsì ló máa ń kó jọ sínú rẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé ibi tí wọ́n ń fi ìka fà ń yọ sókè? Ṣé ìdérí ìsàlẹ̀ ti là, àbí ẹ̀rọ náà ń mì jẹngẹjẹngẹ lórí tábìlì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba?

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣájà kúrò, ẹ má sì lò ó mọ́. Ẹ má fi ohunkóhun tẹ bátìrì náà, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí ààtàn, torí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi lè dúró dìgbà náà.

Tí bátìrì kò bá wú, ẹ lè máa tẹ̀ síwájú.

Káàdì kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ rédíò

Káàdì Wi-Fi jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi súkúrù kan tàbí méjì dè mọ́ inú láptọ́ọ̀pù. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2015 síwájú ni wọ́n ń pè ní M.2. Mìlímítà 22 ni fífẹ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 30. Nínú àwọn tó ti dàgbà ju ìyẹn lọ, Mini PCI Express ló wọ́pọ̀, ìyẹn fẹ̀ tó mìlímítà 30. Wáyà tín-ín-rín méjì, tó sábà máa ń jẹ́ dúdú àti funfun, ló so káàdì náà mọ́ àǹtẹ́nà. Àwọn wáyà yìí gba ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń ṣẹ́ po, wọ́n sì lọ sẹ́yìn ojú ìwòran, níbi tí àǹtẹ́nà wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ rédíò ń ṣe ni káàdì yìí náà ń ṣe, ó kàn kéré ni. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ sórí ìgbì, ó sì ń gba èyí tó ń bọ̀. Rédíò FM wà láàárín 88 sí 108 MHz, Wi-Fi ní tirẹ̀ sì ń lo 2.4 GHz tàbí 5 GHz. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń gbé ohùn jáde máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi atẹ́gùn tù ú. Káàdì Wi-Fi náà ń gbóná díẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fáànù tirẹ̀.

Bó ti wù kó gbóná tó, iná tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń jẹ kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 1 sí 2 lọ. Prósẹ́sọ̀, èyí tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń jẹ wáàtì 15 tàbí 35 nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ti àwọn kan tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo iná yẹn ló ń di ooru nínú àpótí kan náà. Ẹni tó bá gbé àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kò gbọdọ̀ dá àbẹ́là lẹ́bi tó bá yọ́.

Ohun tó tún mú kó burú ni pé ara wọn ò gba ooru bákan náà. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel inú láptọ́ọ̀pù lè gbóná dé nǹkan bí 100°C kó tó dín iṣẹ́ rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ní ti káàdì Wi-Fi, ohun tí Intel kọ sára ọ̀pọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé kó máa ṣiṣẹ́ láàárín 0 sí 80°C. Bí prósẹ́sọ̀ bá ń tu ooru jáde tí kò rọ́nà gbà, káàdì tó wà nítòsí ló máa kọ́kọ́ ṣàárẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ibi tí ooru ti ń wá

Eruku ni àkọ́kọ́. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù ń fa atẹ́gùn wọlé, ó sì ń tì í jáde gba àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ooru prósẹ́sọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa àti òwú aṣọ á dì mọ́ àárín irin yẹn títí á fi dà bí aṣọ ìnulẹ̀. Fáànù á máa pariwo, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò ní jáde. Ẹ gbé ọwọ́ síbi ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo fáànù tí ọwọ́ yín ò sì mọ atẹ́gùn kankan, eruku ti dí i nìyẹn.

Ìkejì ni ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń gbé ooru rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní thermal paste. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè gbẹ bí àmọ̀ tó sá sóòrùn. Ooru ò ní lè kọjá dáadáa mọ́.

Ìkẹta ni ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà sí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ń mí láti ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí tàbí itan, wọ́n ti dí i nímú nìyẹn.

Ìkẹrin ni inú yàrá fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù, bíi HP, Dell àti Lenovo, kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn pé inú yàrá tí ooru rẹ̀ ò ju 35°C lọ ni kí wọ́n ti máa lò ó. Nínú oṣù kejì sí ìkẹta ọdún, tí NEPA bá mú iná lọ́sàn-án gangan, yàrá tó wà lábẹ́ páànù tí kò ní síìlì lè kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìkarùn-ún ni iṣẹ́ káàdì náà gan-an. Tí MiFi bá wà ní yàrá kẹta, tí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì sì wà láàárín, káàdì á máa pariwo kó tó lè gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ tí kò dé ibi tó ń lọ, á tún un sọ. Bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì títì lọ́jọ́ ọjà ni: ohùn á ti há kí ọmọ náà tó dáhùn. Iṣẹ́ àṣetúnṣe yìí ń jẹ iná, ó sì ń mú káàdì gbóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí wáyà àǹtẹ́nà bá ti yọ. Èyí wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tú rí, tí ẹni tó tú u gbàgbé láti so wáyà náà padà.

Ìkẹfà ni pé káàdì náà lè ti gbó lóòótọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ òun ló yẹ kí wọ́n fura sí kẹ́yìn.

Ìdánwò márùn-ún tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé

Ìdánwò kìíní: ẹ so fóònù kan mọ́ Wi-Fi kan náà tí láptọ́ọ̀pù ń lò. Nígbà tí ti láptọ́ọ̀pù bá já, ẹ wo ti fóònù. Tí fóònù náà ò bá ríṣẹ́ ṣe, MiFi tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló níṣòro. MiFi náà máa ń gbóná, pàápàá tó bá wà nínú oòrùn lójú fèrèsé tàbí tí wọ́n ń lò ó tí wọ́n tún ń ṣájì rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù nìkan ló já, ẹ lọ sí ìkejì.

Ìdánwò kejì: nígbà tí láptọ́ọ̀pù ṣì gbóná, tí Wi-Fi sì ti lọ, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn. Nínú Settings fóònù Android, ẹ wá ibi tí hotspot wà, kí ẹ tan USB tethering. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ báyìí, Windows ò ní wàhálà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní wàhálà, ọ̀nà Wi-Fi láptọ́ọ̀pù nìkan ló dí. Ọgbọ́n yìí tún wúlò tí Wi-Fi bá já láàárín ìpàdé tàbí ìdánwò, torí ìṣẹ́jú kan ò ní pé tí ẹ fi máa padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdánwò kẹta: ẹ wo Bluetooth. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, orí káàdì kan náà ni Wi-Fi àti Bluetooth wà. Tí àwọn méjèèjì bá pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kí káàdì náà ti kú tàbí kí ooru ti mú un dákẹ́. Tí Wi-Fi nìkan bá já tí Bluetooth ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fura sí ibi tí MiFi wà, wáyà àǹtẹ́nà tàbí sọ́fútíwíà.

Ìdánwò kẹrin ló ṣe kókó jù. Ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù pátápátá, kí ẹ tan fíìmù tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ibi tó máa ń gbóná. Tí ibẹ̀ bá gbóná bó ṣe máa ń ṣe, tí Wi-Fi sì wà ní pípa, káàdì Wi-Fi kọ́ ni orísun ooru náà. Ẹ̀bi dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀, fáànù, bátìrì tàbí àyè tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ká ní ó tutù, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tan Wi-Fi, kí ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, kí ẹ wá gbé fáìlì ńlá kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan tí MiFi jìnnà, lẹ́ẹ̀kan tó wà lórí tábìlì kan náà. Tó bá já nígbà tó jìnnà tí kò já nígbà tó sún mọ́ ọn, agbára ìgbì ni ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ń gbóná tó sì ń já pẹ̀lú bí MiFi ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀bi lè wà lára káàdì.

Ìdánwò karùn-ún: ẹ tan láptọ́ọ̀pù láàárọ̀ kùtù, nígbà tó tutù. Tí Wi-Fi bá ń já láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ooru kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ dráífà, ìyẹn sọ́fútíwíà tó jẹ́ kí Windows lè bá káàdì sọ̀rọ̀. Ẹ wá dráífà tó bá ẹ̀rọ yín mu lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ẹni tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11 lè rí àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí Wi-Fi já. Ẹ wá Command Prompt, ẹ ṣí i pẹ̀lú àṣẹ administrator, kí ẹ tẹ netsh wlan show wlanreport sí i. Windows á ṣe ìwé kan tó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn hàn, á sì sọ ibi tó fi pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí láptọ́ọ̀pù bá ti wà ní títàn fún àkókò kan náà ló máa ń já, ooru ni kí ẹ fura sí.

Ohun tí ẹ lè ṣe láì náwó

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi ìdérí ìgò mínírà méjì tàbí ohun mìíràn tó ga bẹ́ẹ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí iná bá wà, ẹ kọ fáànù yàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ sún MiFi mọ́ tòsí, ó pẹ́ tán kó wà nínú yàrá kan náà. Tí láptọ́ọ̀pù àti MiFi bá ń lo 5 GHz, ẹ rántí pé ògiri máa ń dí ìyẹn ju 2.4 GHz lọ. Láti yàrá kejì, 2.4 GHz lè rọrùn fún káàdì.

Ẹ dín iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ kù. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ ó sì rí ohun tó ń gba agbára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, kí ẹ wá Advanced settings. Lábẹ́ Processor power management, ẹ sọ Maximum processor state di 99%. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel, èyí á dá eré àsápajúdé prósẹ́sọ̀ dúró. Ẹ̀rọ náà lè falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á tutù dáadáa. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ibẹ̀ lè má hàn.

Tí káàdì náà bá jẹ́ ti Intel, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá káàdì náà lábẹ́ Network adapters, kí ẹ wo Advanced. Ẹ ó rí Transmit Power níbẹ̀, èyí tó sábà máa ń wà ní Highest. Ẹni tí MiFi rẹ̀ wà nínú yàrá kan náà lè dín in kù sí àárín. Ẹni tí tirẹ̀ jìnnà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí á tún dá kún ìṣòro ni.

Ẹ wo Delivery Optimization nínú Settings Windows. Tó bá wà ní títàn, Windows lè máa pín ohun tó ti gbà wálẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá pa á, ara káàdì á rọ̀, dátà yín náà á pẹ́ lọ́wọ́.

Tó bá di dandan láti tú u

Ẹni tí kò tú láptọ́ọ̀pù rí, kó gbé e fún ẹnjiníà. Ẹni tó fẹ́ dán an wò, kó pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kó yọ ṣájà, kó yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, kó sì tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Lásìkò ọyẹ́, ara èèyàn máa ń kó iná kékeré jọ, irú èyí tó máa ń tani nígbà tí a bá bọ́ ẹ̀wù. Iná yẹn lè ba pátákó inú láptọ́ọ̀pù jẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lára fáànù àti àárín irin. Tí ẹ bá máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mọ́tò, torí ó le jù, omi sì máa ń wà nínú atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́. Tí thermal paste bá ti gbẹ, àkókò tó yẹ kí ẹnjiníà fi òmíràn sí i nìyí.

Ẹ wo wáyà méjèèjì tó wà lórí káàdì Wi-Fi. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun. Orí wáyà náà kéré, ó sì tètè ń bàjẹ́. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀ tààrà, wọn kì í fi agbára yí i. Tí ọ̀kan bá ti yọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìdáhùn.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ìdérí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ irin, àwọn ẹnjiníà kan máa ń fi thermal pad, ìyẹn ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tó ń gbé ooru, sáàárín káàdì àti ìdérí. Ìyẹn dáa. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n ká bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ síbẹ̀. Iná ń gba ara rẹ̀ kọjá, ó sì lè jó pátákó.

Tó bá jẹ́ pé káàdì ló gbó lóòótọ́

Kí ẹ tó ra òmíràn ní Computer Village, Ikeja, tàbí níbikíbi, ohun mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni irú ẹsẹ̀ tó ní. M.2 kò lè wọ àyè Mini PCI Express láìsí ohun tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀.

Èkejì ni pé àwọn láptọ́ọ̀pù HP àti ThinkPad àtijọ́ kan kì í gba káàdì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ò fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá fi òmíràn sí i, ThinkPad lè gbé àṣìṣe 1802 jáde, HP lè gbé 104 jáde, wọn ò sì ní tẹ̀ síwájú àfi tí wọ́n bá yọ ọ́. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹta ni pé káàdì Intel kan wà, bíi AX201, tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. AX200 jọ ọ́ lójú àti lórúkọ, ṣùgbọ́n òun ló ń bá ọ̀pọ̀ àyè M.2 lásán ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè sọ owó di òfò.

Ẹni tí kò fẹ́ tú ẹ̀rọ rẹ̀ lè ra Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Ìta ló wà, ooru inú àpótí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó rántí láti pa káàdì àtijọ́ nínú Device Manager kí méjèèjì má bàa máa jà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé fáànù ló dí, kó má gbàgbé pé ooru yẹn ṣì wà níbẹ̀, tó ń jẹ bátìrì àti díísìkì lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe

Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sínú fíríìjì, ẹ má sì gbé yìnyín tàbí aṣọ tútù lé e. Nígbà tí ohun tútù bá padà bọ́ sínú ooru, ìrì á sẹ̀ sára rẹ̀, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò omi tútù. Lórí pátákó kọ̀ǹpútà, ìrì yẹn lè dá wàhálà tó ju Wi-Fi lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ bá ẹnjiníà sọ

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò márààrún kò ní kàn sọ pé "Ẹnjiníà, ẹ bá mi pààrọ̀ Wi-Fi." Ohun tó máa sọ ni pé: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo pa Wi-Fi, ó ṣì gbóná. Atẹ́gùn ò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ fáànù rẹ̀, kẹ́ ẹ wo paste àti wáyà àǹtẹ́nà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun."

Tí iṣẹ́ bá parí, kó má ṣe sanwó tán kí ẹ̀rọ náà tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan níwájú rẹ̀ pẹ̀lú Wi-Fi ní títàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó, torí ara tútù ni láptọ́ọ̀pù fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, ìgbà tó bá gbóná ló tó máa ń ṣe tirẹ̀. Tí wọ́n bá pààrọ̀ káàdì, kó gba èyí àtijọ́ padà. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe é.